"Àgbà" ni àbí "ogbó"? Èsì lórí ìtumọ̀ Cicero

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé kékeré méjì tí Cicero, òǹkọ̀wé ará Róòmù, kọ ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù ní ká bá àwọn yẹ ọ̀rọ̀ méjì wò. Wọ́n fẹ́ pe senectus, ọ̀rọ̀ Látìn fún ìgbà tí èèyàn ti darúgbó, ní "àgbà", kí ó sì jẹ́ àkọlé ìwé àkọ́kọ́. Wọ́n fẹ́ pe amicitia, ìyẹn ìbádọ́rẹ̀ẹ́, ní "ìmùlẹ̀", torí wọ́n ní ẹni tí a kàn bá pàdé lọ́nà là ń pè ní ọ̀rẹ́ lóde òní. Mo ka àbá náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, n kò lè fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Nínú ìwé àkọ́kọ́, Cato, olóṣèlú Róòmù kan tó ti pé ẹni ọdún 84, ló ń bá ọ̀dọ́ méjì sọ̀rọ̀, Scipio àti Laelius. Ó ka ẹ̀sùn mẹ́rin tí wọ́n fi ń kan senectus: ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni, ó ń sọ ara di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ó ń gba adùn ayé lẹ́nu ẹni, ikú ò sì jìnnà sí i mọ́. Ó wá ń dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹjọ́ ni ìwé náà látòkè délẹ̀. Bí a bá pe olùjẹ́jọ́ ní "àgbà", a ti dá a láre kó tó la ẹnu. Ta ni yóò fẹ̀sùn kan àgbà? Lóòótọ́, a máa ń ní "ara ti di ara àgbà", ṣùgbọ́n "ara" ló gbé ìrora yẹn.

"Ogbó" ni tèmi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá ìyá mi máa ń ṣí háríhá àgbàdo díẹ̀ lórí ìdúró, á fi èékánná tẹ ọmọ rẹ̀ kan. Bí omi funfun bá tú jáde, á dá háríhá náà padà, á ní, "Kò tíì gbó." Ìyá yìí kan náà ló na ìró rẹ̀ sí oòrùn lọ́jọ́ kan, tó rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, tó ní, "Èyí ti gbó, n ó fi ṣe òṣùká." Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àgbàdo gbó, ó dáa. Aṣọ gbó, ó tán. Ohun tí Cato ń jà lé lórí gan-an nìyẹn: ṣé bí aṣọ ni èèyàn ṣe ń gbó ni, àbí bí àgbàdo? Òun fúnra rẹ̀ ló ní èso tí kò tíì pọ́n, tipátipá la fi ń já a, èyí tó pọ́n a sì máa bọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ikú ọ̀dọ́ àti ikú arúgbó rí.

Ó wá ku "ìmùlẹ̀". Nínú ìwé kejì, Laelius rántí Blossius ará Cumae, ọ̀rẹ́ Tiberius Gracchus, olóṣèlú tí wọ́n pa ní ọdún 133 ṣáájú ìbí Jésù. Blossius wá ń bẹ Laelius pé kí wọ́n dárí ji òun, torí òun ka Tiberius sí débi pé ohunkóhun tó bá fẹ́ ni òun gbọ́dọ̀ ṣe. Laelius ní, "Bó bá ní kí o dáná sun Capitol, òkè tẹ́ńpìlì Róòmù, ńkọ́?" Blossius ní Tiberius kò lè sọ bẹ́ẹ̀ láé, ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, òun ìbá ṣe é. Ọ̀rọ̀ burúkú gbáà lèyí lójú Laelius. Ó ní òfin ọ̀rẹ́ ni pé kí a má bẹ ọ̀rẹ́ ní ohun ìtìjú, bí wọ́n bá sì bẹ̀ wá, kí a má ṣe é.

Ẹ wá fi "ìmùlẹ̀" sí i. Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí àwọn tó mulẹ̀. Ẹni tó bá yẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ ni. Blossius ló máa jàre, Laelius ló máa di ọ̀dàlẹ̀! "Ọ̀rẹ́" kò ní ìbúra nínú, ó fàyè sílẹ̀ kí èèyàn lè kọ̀. Cicero sì ní inú amor, ìfẹ́, ni amicitia ti jáde.

Lex, ọ̀rọ̀ tí Laelius lò fún òfin ọ̀rẹ́ yẹn, òfin náà ni, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ẹni tó ní ká pe virtus ní "akin" torí pé vir ni ọkùnrin kò purọ́, Cicero náà sọ ọ́ níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ ìfaradà ìrora. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ọ̀rẹ́, "ìwà rere" ló bá a mu. Nígbà tí òun náà fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Látìn fún ẹ̀kọ́ nípa ìwà, mos, ìwà, ló mú, ó fi ṣe moralis, ó ní ó yẹ kí òun bu kún èdè Látìn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú "àgbà" fún iwájú. Cato máa sọ pé adé orí senectus ni auctoritas, ìyẹn ọ̀wọ̀ tó mú kí ọ̀rọ̀ ẹnìkan máa ní ìwúwo láàárín ìlú. Bí a bá ti ná "àgbà" sórí àkọlé, kí ni a ó fi túmọ̀ adé yẹn?