Mo ti tẹ̀ka jáde, àmọ́ mánijà ò jẹ́ kí n lọ sílé

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kásíà ni mí ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan lójú ọ̀nà Ṣágámù, níbí ní Ìkòròdú. Aago mẹ́jọ alẹ́ ló yẹ kí n ṣíwọ́. Tó bá ti lù, mánijà á ní ká lọ tẹ̀ka lára ẹ̀rọ pé a ti jáde, á wá ti ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ míì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ká ka ọjà, ká to igbá, ká nu ilẹ̀. Ó máa ń tó aago mẹ́wàá nígbà míì, kò sì sí kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Ìgbogbo ni mò ń gbé. Lásìkò yẹn, kẹ̀kẹ́ Márúwá ti wọ́n, ọlọ́kadà á sì pe iye tó bá wù ú. Ọmọ mi á ti sùn kí n tó wọlé.

Mo bi mánijà léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ẹbí kan ni wá níbẹ̀, pé ẹni tí kò bá lè ṣe é, ìwé àwọn tó ń wá iṣẹ́ kún inú dúrọ́ọ̀ òun. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ẹbí! Ẹbí wo ló ń ti ara wọn mọ́lé? Ọmọ mi, tí iná bá ṣẹ́ yọ níbẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn ló bà mí lẹ́rù ju ti owó lọ.

Ará Odógunyàn: Àbúrò, má tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀ o. Èmi bínú kúrò ní ilé iṣẹ́ kan, oṣù márùn-ún ni mo fi jókòó sílé.

Lọ́yà Àdúgbò: Ṣé ẹ rí ìdí tó fi ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ka? Kí ẹ̀rọ lè jẹ́rìí sí i pé ẹ ti lọ ni. Abala 13 nínú òfin òṣìṣẹ́, Labour Act, sọ pé wákàtí tó bá ti kọjá èyí tí ẹ jọ fẹnu kò sí, ówátáìmù ni. Òótọ́ ni pé òfin yẹn ò dá iye tí wọ́n máa san lórí ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń rí wa mú nìyẹn. Abala 7 ní kí wọ́n fún yín ní ìwé tó ní wákàtí iṣẹ́ nínú láàárín oṣù mẹ́ta. Ṣé ẹ gbà á?

Ẹni tó béèrè: Mo gbà á, sà. Aago kan sí mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Tí ọjà tí a kà bá sì dín, owó oṣù wa ni wọ́n ń gé.

Lọ́yà Àdúgbò: Háà! Abala 5 ò gba ìyẹn bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba ọjà jẹ́ tàbí tí ẹ fọwọ́ dẹngbẹrẹ mú un, ọ̀gá ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́. Ẹ má bá a jà. Lálaalẹ́, ẹ fi wáàsáàpù ránṣẹ́ sí i: "Ẹ kú iṣẹ́ sà, a ti ka ọjà tán, aago 9:40." Tó bá ti dáhùn, ẹ ti ní ìwé lọ́wọ́. Ẹ mú un lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó, ibi tí wọ́n ti ń báni parí aáwọ̀, wọn kì í gbowó.

Ìyá Ìbejì: Kó má dá ṣe é o! Kí gbogbo wọn jọ fi ránṣẹ́.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Àwa mẹ́rin la jọ fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná. Ó ti kà á, mo rí àmì búlúù. Kò tíì fèsì.