Wọ́n mú àbúrò mi dípò ẹni tí wọ́n ń wá

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ mímú èèyàn dípò ẹlòmíì, ọlọ́pàá ni ọ̀pọ̀ ń dárúkọ, àmọ́ ti èmi ò tọwọ́ ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ o. Àwọn ọdẹ àdúgbò wa ní Òkè-Ìjẹ̀bú, Àkúrẹ́ níbí ni. Kì í ṣe Àmọ̀tẹ́kùn: àwọn yẹn ní òfin ìpínlẹ̀ tó gbé wọn kalẹ̀, tí Gómìnà Akérédolú fọwọ́ sí ní 2020. Àwọn tiwa, ẹgbẹ́ onílé ló gbà wọ́n, àwa la sì ń dáwó fún wọn lóṣooṣù.

Wọ́n jí jẹnẹrétọ̀ gbé. Ọ̀rẹ́ àbúrò mi ni wọ́n fura sí. Wọn ò rí i, ni wọ́n bá wọ́ àbúrò mi jáde lóru. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń fi pẹlẹbẹ àdá nà án lẹ́yìn pé kó mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá. Mo sáré lọ bá alága onílé. Ó ní, "Ìyá Tóbi, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn." Àwọn aládùúgbò ń yọjú lójú fèrèsé, kò sẹ́ni tó la ẹnu. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi tán. Kí àwọn ọdẹ yẹn tó dé, olè ò jẹ́ ká sùn.

Bàbá kan tó ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí ló tẹ̀ lé mi. Ó ní òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 sọ ọ́ gbangba pé a kì í mú ẹnìkan dípò afurasí. Ará ìlú tó bá sì mú èèyàn, kíá ni kó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Olórí wọn bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá, ṣé òfin ló ń bá yín ṣọ́lé lóru?" Bàbá ò dá a lóhùn. Ó fa ìwé yọ, ó ń bi wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ni ojú wọn yí padà.

Ìdájí ni wọ́n gbé àbúrò mi lọ sí tésàn. Ẹ̀sùn kankan ò sí, síbẹ̀ àwọn ọlọ́pàá ní ká mówó béèlì wá, lábẹ́ páálí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọ̀fẹ́ ni béèlì! Bàbá tún là á yé wọn: abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Nínú Àkúrẹ́ yìí, tí kóòtù pọ̀ báyìí! Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi ti rọra fún wọn ní nǹkan. A ò jẹ́ kí Bàbá mọ̀.

Nígbà tí oṣù parí, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà wá gbowó. Mo san án. Ta ló fẹ́ kí wọ́n fo ilé tiẹ̀?