Ọta wo ló yẹ ọ̀kẹ́rẹ́?

Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, mo júbà o. Kétu ni mo wà, karabíìnì, ìbọn kúkúrú tó ń yin ọta kékeré tí wọ́n ń pè ní 22 Long Rifle, ni mo fi ń dọdẹ ọ̀kẹ́rẹ́ lórí ọ̀pẹ. Mo ti lo ọta tó ń sáré ju ìró lọ, èyí tí wọ́n gbẹ́ ihò sí lórí: ó ń pa á lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá bà á ní igbá àyà, ẹran bàjẹ́ nìyẹn, ìyàwó mi kì í sì í gbà á sí ìkòkò. Mo tún lo èyí tí ìró yá jù, tí kò níhò, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíréènì 40. Kì í pariwo púpọ̀, ìyẹn wù mí gan-an, àmọ́ tó bá jìnnà, ọta a máa wálẹ̀ ju ibi tí mo fojú sùn lọ.

Èwo ni kí n dúró lé fún mítà 50? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.