Ta ló ti gun òkè Mam Tor rí? Ẹ wá sọ bó ṣe rí

Àkàndé: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ní ká jọ lọ gun Mam Tor ní Derbyshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní kò ga, mítà 517 péré. Màmá mi wà lọ́dọ̀ wa láti Òṣogbo. Ṣé wọ́n á lè gùn ún?

Ìyá Ìbejì: Dáadáa. Ẹ gbọ́kọ̀ sí Mam Nick, ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà nítòsí òkè náà, ogún ìṣẹ́jú ti gbé yín dókè. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n tò síbẹ̀, ẹ ò ní tẹ ẹrẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ó ṣí gèlè àǹtí mi kan, ó gbé e lọ síwájú àgùntàn. Àgùntàn ọ̀hún ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ń jẹko ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìdànrè: Gèlè? Lórí òkè? 😂

Ìyá Ìbejì: Ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń bọ̀. Ẹ fi wá sílẹ̀ jàre.

Ọmọ Ìdànrè: Ẹ̀yin tí mọ́tò gbé dé ẹ̀bá téńté náà lẹ ń pera yín lẹ́ni tó gun òkè? Abúlé Castleton tó wà nísàlẹ̀ lèmi ti fẹsẹ̀ rìn, mo gba orí títì tó wó. A625 àtijọ́ ni. Òkè ń yọ́ gbé e lọ, wọ́n ń tún un ṣe, ó tún ń lọ, títí ó fi sú wọn tí wọ́n tì í pa lọ́dún 1979. Ẹ máa rí ọ̀dà lórí ọ̀dà níbi tó ti ya, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́ ṣáá.

Bọ̀dé: Ìjọba òyìnbó náà máa ń pa títì tì! Ẹ jẹ́ n fi ránṣẹ́ sáwọn ará ilé.

Àdùkẹ́: Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣẹjọ́ ìjọba. Òkúta rírọ̀ tó ń ṣí ní pẹlẹbẹ ló wà nísàlẹ̀ òkè yẹn, òkúta oníyanrìn ló gùn ún lórí. Tójò bá ti pọ̀, omi á ráyè wọ̀ ọ́, ilẹ̀ á máa yọ̀.

Bọ̀dé: Wọ́n ṣáà pa á tì.

Wòlíì Kékeré: Ṣé wọ́n ń jẹ́ kéèyàn gbàdúrà níbẹ̀? Ó pẹ́ tí mo ti ń wá orí òkè nítòsí Manchester.

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbà á jẹ́jẹ́ o. Àwọn kan ń pariwo "iná!" níjọ́ tá a lọ, ni ajá òyìnbó kan bá ń gbó mọ́ wọn. Olówó ẹ̀ wá ń bi wọ́n bóyá kóun bá wọn pe panápaná.

Wòlíì Kékeré: Kì í ṣe ajá lásán nìyẹn.

Àdùkẹ́: Ha! Ajá ni jàre.

Tìámíyù: Àkàndé, ẹ má torí téńté yípadà o. Ẹ máa bá góńgó òkè lọ sí Hollins Cross. Àfonífojì Edale á wà lósì yín, pẹ̀lú òkè Kinder Scout níbi táwọn òṣìṣẹ́ ti fipá wọlẹ̀ onílẹ̀ lọ́dún 1932 torí kí mẹ̀kúnnù lè ráyè rìn. Márùn-ún ṣẹ̀wọ̀n nínú wọn. Lọ́tùn-ún, Castleton, àti ọ̀pá èéfín iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan tó ń ba gbogbo fọ́tò jẹ́.

Bọ̀dé: Ẹ wá ń bú iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì. Kí ni wọ́n fi kọ́ ilé yín?

Àkàndé: Ẹ ṣeun o. Màmá ń béèrè bóyá wọ́n ń ta àgùntàn yẹn.

Ọmọ Ìdànrè: 😂😂 Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n gba Castleton.

Ìyá Ìbejì: Ṣé ìwọ lo máa pọ̀n wọ́n?