Akàn òkun kékeré onírun: kí ni kí n wò kí n tó sọ ọ́ lórúkọ?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹranko òkun, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ akàn kan ti tojú sú mi. Ìlọrin ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì. Àbúrò mi ló mú un bọ̀ láti Tarkwa Bay l'Ékòó. Ihò òkúta ló ti rí i, ó sì rẹ ẹ́ sínú sípírítì.

Ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 14. Irun bò ó bí ẹni wọ aṣọ òtútù, ẹrẹ̀ sì há sáàárín irun náà débi pé ìdọ̀tí ni mo kọ́kọ́ pè é. Akàn odò tí a mọ̀ níbí, ẹ̀yìn tiwọn a máa dán. Ọwọ́ ọ̀tún tóbi ju tòsì lọ.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ apá kan, eyín kéékèèké sì yọ létí igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rò ó sí Porcellana, ìyẹn irú akàn òkun kékeré kan, àmọ́ ẹsẹ̀ ìrìn mẹ́ta péré níí hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan ìyẹn; tèmi ní mẹ́rin. Ó jọ àwòrán Pilumnus hirtellus, akàn onírun kan, ṣùgbọ́n akàn ilẹ̀ Yúróòpù ló pọ̀ nínú àwòrán wọ̀nyẹn.

Akọ ni, ikùn tó ká sábẹ́ rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́. Mo mọ̀ pé nínú ìdílé Pilumnidae, ìdílé tí Pilumnus wà, ẹ̀yà ara ìbímọ akọ tó wà lábẹ́ ikùn yẹn máa ń tín-ín-rín, á sì lọ́ bíi lẹ́tà S. Ẹyọ kan ṣoṣo yìí ni mo ní, n kò fẹ́ bà á jẹ́.

Ṣé dandan ni kí n ṣí ikùn rẹ̀ wò, àbí iye eyín etí igbá àti bí irun ṣe rí ti tó láti mọ irú Pilumnus tó jẹ́?