Ojú ọmọ mi ṣàdédé ṣú, ó tún là, ṣé ká dúró de ọjọ́ clinic?

Mama Ẹ̀wà: Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 12, lupus ló ní, àìsàn tí àwọn ọmọ ogun ara fi ń bá ara jà, ẹ̀jẹ̀ wá dì sí i lẹ́sẹ̀ lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní antiphospholipid syndrome náà wà ńbẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dì, warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì àti hydroxychloroquine ti lupus ló ń lò. Láàárọ̀ yìí ó ní ojú òsì òun ṣú bíi pé ẹnì kan fa kọ́tìnì bò ó, kò pẹ́ ó tún ríran, kò dùn ún, ojú ò pọ́n, ó ti tún ń tẹ fóònù báyìí. Bàbá ẹ̀ ní fóònù ọ̀hún gan-an ló fà á. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ní clinic.

Nọ́ọ̀sì Ojú: Ẹ má dúró rárá ma, ẹmájẹ́ńsì ni, òní ni o. Fóònù kì í ṣe báyẹn. Ohun tá a máa ń bẹ̀rù ni kí ẹ̀jẹ̀ dídì kékeré lọ dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé retina, awọ ẹ̀yìn ẹyinjú tá a fi ń ríran, ó lè yẹ̀ fúnra ẹ̀ bíi ti òní, lọ́jọ́ míì kó má yẹ̀ mọ́. Retina kì í ro èèyàn, ẹ má fi àìdùn ṣe ìwọ̀n. Ó lè ṣe ọpọlọ náà bẹ́ẹ̀, tẹ́nu ẹ̀ bá wọ́ tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń lọ́, ẹ sáré. Wọ́n á kán oògùn tó ń jẹ́ kí ọmọlójú fẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn ojú, wọ́n á wo INR ẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi bí warfarin ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ́jẹ̀ hàn, ọ̀pọ̀ ìgbà 2 sí 3 la máa ń fẹ́. Ẹ má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen fúnra yín.

Àǹtí Peckham: Ti ọmọ àbúrò mi níbí, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde lójú ló dí, ẹ̀jẹ̀ wá ń ṣẹ́ sí retina, nígbà tó yá àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tí ò lágbára ń hù, laser ni wọ́n fi tọ́jú ẹ̀. London yìí náà ni Dókítà Graham Hughes ti kọ nípa antiphospholipid syndrome yìí lọ́dún 1983, síbẹ̀ ẹ dárúkọ àìsàn náà fún wọn tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, kò wọ́pọ̀ lára ọmọdé. Genotype ẹ̀ ń kọ́? SC náà máa ń ba retina jẹ́.

Bàbá Ìbejì: Tó bá ń mu àgbo ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ẹ má fi pamọ́, ó lè da warfarin rú. Ẹ̀fọ́ ò burú, kó ṣáà má jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ojoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ kejì rárá.

Mama Ẹ̀wà: AA ni. A ti wà nínú mọ́tò. Wọ́n ní hydroxychloroquine yẹn máa ń fọ́ ojú, ṣé kí n dá a dúró?

Nọ́ọ̀sì Ojú: Rárá o! Tìyẹn, tó bá máa ba retina jẹ́, ọdún gbọọrọ ló máa ń gbà, kì í ṣú kó tún là láàárín ìṣẹ́jú. Ẹ kó gbogbo oògùn ẹ̀ dání, àti ìwé INR ẹ̀.