Wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi fún ìwádìí, màmá wa fárígá

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ ọdún 19 ni àbúrò mi, SS sì ni, ìyẹn ni pé ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ilé ìwòsàn tó ti ń gba ìtọ́jú ní kó yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ fún ìwádìí lórí àrùn náà. Òun fẹ́ ẹ.

Màmá wa kò gbà rárá. Kánò 1996 ni wọ́n ń tọ́ka sí, nígbà tí iléeṣẹ́ oògùn kan láti Amẹ́ríkà dán oògùn tuntun wò lára àwọn ọmọdé tí yírunyírun ń bá jà. Ọ̀pọ̀ òbí ní ẹnikẹ́ni kò là á yé àwọn. N kò lè bá wọn jiyàn lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ní 2023, Amẹ́ríkà àti Bìrìtéènì fọwọ́ sí ìtọ́jú tó ń tún jíìnì, ìyẹn àbùdá tí à ń jogún lára òbí, ṣe fún àrùn yìí kan náà. Owó rẹ̀ kọjá agbára wa. Bí a kò bá ṣèwádìí nílé, ta ni yóò bá wa wá èyí tí apá wa ká?

Kí ló yẹ ká bi àwọn dókítà kó tó tọwọ́ bọ̀wé? Ṣé wọ́n lè gbé ẹ̀jẹ̀ náà lọ sókè òkun? Báwo ni mo ṣe máa bá màmá sọ ọ́ tí kò fi ní dà bíi pé mo rí wọn fín? Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń retí èsì wa.